Ẹsẹ̀ tó ń jó bí iná: ohun tí fítámì B lè tún ṣe lára iṣan, àti ohun tí kò lè ṣe

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń pe nǹkan mẹ́ta nínú ara, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ní Èkó. Iṣan ni a ń pe ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan ni a ń pe ẹran ara tó ń fa egungun. Iṣan náà la tún ń pe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó sì ń gbé èsì padà. Bí ìyá kan bá dé ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Múṣín, tó ní, "Iṣan ń dà mí láàmú, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó, ó tún ń kú," ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà lè fún un ní ìpara, ó lè fún un ní oògùn ara ríro, ó sì lè na páálí fítámì B alágbára sí i pé kó máa lo ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìkẹta yìí wọ́pọ̀ gan-an. Iṣan tó ń gbé ìròyìn, tí à ń pè ní iṣan ìmọ̀lára, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí níhìn-ín. Níbi tí a bá ti kọ iṣan láti ìsinsìnyí lọ, òun la ní lọ́kàn.

Fítámì B níṣẹ́ lára iṣan, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Àìtó rẹ̀ lè sọ èèyàn di ẹni tí kò lè dá rìn, àfikún rẹ̀ lásìkò sì lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n iṣan tí àìtó fítámì bà jẹ́ nìkan ni fítámì ń tún ṣe. Èyí tí ṣúgà bà jẹ́, èyí tí egungun ẹ̀yìn tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí kòkòrò àrùn jẹ, fítámì kì í wò wọ́n. Ìdílé B yìí náà sì ní ọmọ kan, B6, tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ jù lára, jíjó àti kíkú ẹsẹ̀ kan náà tí wọ́n torí rẹ̀ rà á ni yóò fà. Lọ́dún 2023, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe gba ju 12 mg B6 lọ lójúmọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí fítámì mẹ́ta-nínú-ọ̀kan (B1, B6 àti B12) tí wọ́n ń tà fún iṣan: nínú ọ̀pọ̀ wọn, 100 mg tàbí 200 mg B6 ló wà nínú hóró kan.

Ibi tí a ti ń rà á tún jẹ́ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, nítorí ayédèrú oògùn àti èyí tí wọn kò tọ́jú bó ṣe yẹ. Oògùn ibà ni gbogbo èèyàn ronú kàn nígbà náà. Fítámì náà máa ń wà lórí àtẹ kan náà, oòrùn kan náà ló sì ń pa á.

Bí iṣan ṣe ń jẹun

Èyí tó gùn jù nínú àwọn iṣan wa ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ó sì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lára ẹni tó ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn ni ilé ìdáná rẹ̀ wà. Gbogbo ohun tí ìdí okùn yìí nílò níbi ọmọ ìka, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sè é kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá ti ń dín kù nílé, ẹni tó jìnnà jù lebi ń kọ́kọ́ pa: ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ń gun òkè bọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, lẹ́sẹ̀ méjèèjì lọ́gbọọgba. Tó bá ti ń súnmọ́ orúnkún, ọmọ ìka ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Àpẹẹrẹ yìí ṣe pàtàkì, ẹ fi sọ́kàn. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ló ń ta, tó ti ìdí gba ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nǹkan tẹ iṣan náà ní ẹ̀yìn ni. Fítámì ò lè gbé egungun kúrò lórí iṣan.

Ohun kejì tó yẹ ní mímọ̀ ni aṣọ ara iṣan. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe aṣọ náà, ó sì wé mọ́ okùn yìí bí gèlè ṣe ń wé mọ́ orí, ìpele lórí ìpele, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀díẹ̀ láàárín wíwé kan àti èkejì. Ìròyìn máa ń fò láti àlàfo kan bọ́ sí òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Bí gèlè yìí bá já, ìròyìn á máa wọ́, á máa ṣìnà, ọpọlọ á sì gbọ́ iná níbi tí iná ò sí.

Fítámì B1 ń bá iṣan dáná. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣan ń jó láti rí agbára, bí kò bá sì sí B1, jíjó náà ò ní kẹ́sẹ járí. Fítámì B12 àti B9 ń tọ́jú gèlè náà. B6 ń bá wọn po àwọn èròjà tí iṣan kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ò rí bákan náà, ìdí tí wọ́n fi ń tán lára ò sì rí bákan náà. Ẹni tó bá kàn ń da gbogbo wọn mì pọ̀ ń tafà sínú òkùnkùn.

B1 ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ìkòkò

Kí ọkùnrin rí 1.2 mg B1 lójúmọ́, kí obìnrin rí 1.1 mg, ó ti tó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ara kò ní àká fún un: nǹkan bí 25 mg sí 30 mg ló wà lára lápapọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí kò wọlé, ó ti ń tán lọ. Ní erékùṣù Java, ní àwọn ọdún 1890, Christiaan Eijkman, dókítà ọmọ Netherlands, ṣàkíyèsí pé adìẹ tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì tí wọ́n bó funfun ń rọ lẹ́sẹ̀, pé bí wọ́n bá fún wọn ní ìrẹsì tí èèpo inú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á dìde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1929. Fítámì inú èèpo yẹn ni B1.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń se ìrẹsì ní Èkó. A ó gbé e kaná, yóò hó díẹ̀, a ó da omi rẹ̀ nù, a ó fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ká tó dá a padà sórí iná. B1, B6 àti B9 ń yọ́ sínú omi, omi tí a dà nù yẹn sì ń kó wọn lọ. Ẹ fọ ìrẹsì tútù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ se é pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí yóò fà tán. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó bó o sàn ju èyí tó funfun gbòò lọ, torí bíbọ̀ yẹn ti ti fítámì wọnú hóró rẹ̀. Ọ̀fadà tí wọn kò bó jù tún dára sí i. Ní ti ẹ̀wà, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí B1 pọ̀ sí jù nínú oúnjẹ wa, káún ló ń bà á jẹ́. Káún ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ B1 kì í fara da ohun tó bá ní káún nínú, pàápàá lórí iná. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, ẹ da omi rírẹ náà nù nítorí inú fífẹ́, kí ẹ sì se é láìfi káún sí i. Omi rírẹ á bá díẹ̀ lọ, àmọ́ káún ń pa púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Ògì tí a sẹ́, tí a da eèrí rẹ̀ sí ẹran, ẹran yẹn ló jẹ fítámì.

Ẹni tó ń mu ọtí líle tàbí paraga ní gáréèjì lójoojúmọ́ wà nínú ewu tó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọtí ń dí B1 lọ́nà ní ìfun, ó ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú kù, ó sì ń gba ipò oúnjẹ. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Bó bá dé ọpọlọ, ẹyinjú á máa mì lọ mì bọ̀, ìrìn á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ á dàrú, àwọn ará àdúgbò á sì ní ó ti yó. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Bákan náà ni aláboyún tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí nǹkan kì í dúró nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú àwọn méjèèjì yìí dé ilé ìwòsàn, ẹ rán nọ́ọ̀sì létí, tìfẹ́tìfẹ́, pé kí wọ́n fún un ní B1 kí omi ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀ sí kán sí i lára tàbí kí wọ́n fún un pa pọ̀ mọ́ ọn. Jíjó ṣúgà ló ń gba B1. Bí ṣúgà bá dé láìsí B1, díẹ̀ tó kù lára náà á tán lójijì, ọpọlọ á sì fara gbá a.

Ilẹ̀ wa náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní agbègbè Ìkàrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn dókítà rí àwọn tó máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara wọn máa ń gbọ̀n, lásìkò òjò, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán. Kòkòrò Anaphe tí wọ́n ń yan jẹ ló ní èròjà kan tó ń gé B1 sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní B1, ara wọn yá.

B12, èyí tó ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀

B12 ló yẹ ká dúró lé lórí jù, torí kò sí èyí tí àìtó rẹ̀ ń fara pamọ́ tó o. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kéré débi pé mcg la fi ń wọ̀n ọ́n: 2.4 mcg, bẹ́ẹ̀ 1,000 mcg ló di 1 mg kan. Ara sì ń tọ́jú 2 mg sí 5 mg pamọ́, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀, èyí tó lè gbé èèyàn fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó dá ẹran àti ẹja dúró lónìí lè má gbúròó ohunkóhun títí ọdún kẹrin, kò sì ní rántí pé òun ló fà á.

Inú ohun ẹlẹ́mìí nìkan ni B12 wà: ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso ò ní in. Ẹ̀dọ̀ màlúù 100 g tí a sè ní ju 50 mcg lọ. Ẹja títù 100 g ní ju 8 mcg lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bí 0.5 mcg. Ṣáwá, sàdíìnì àti ẹran màlúù náà dára. Ní ti pọ̀nmọ́, awọ ni. Ó ń dùn lẹ́nu, ó ń kún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé tí ọ̀wọ́n ọjà ti sọ pọ̀nmọ́ di ẹran kan ṣoṣo tí wọ́n ń jẹ kò rí B12 tó pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ẹyin méjì lóòjọ́ pẹ̀lú ègé ṣáwá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń ṣe ohun tí abọ́ pọ̀nmọ́ kan kò lè ṣe. (Kí aláboyún má ṣe fi ẹ̀dọ̀ ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ o, nítorí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú.)

Jíjẹ ẹ́ nìkan kò tó. Omi kíkan inú ikùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já B12 kúrò lára ẹran. Lẹ́yìn náà, ikùn fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà kan tó dà bí alábàárù ọjà Òyìngbò: òun ló ń ru B12 títí dé ìparí ìfun kékeré, torí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ló ń ṣí fún un. Ẹrù alábàárù yìí lẹ́ẹ̀kan kò ju bíi 2 mcg lọ. Bí omi kíkan bá dín kù, bí alábàárù bá kú, bí ẹnu ọ̀nà bá tì, ẹni náà lè máa jẹ ẹran lójoojúmọ́ kí B12 sì tán lára rẹ̀. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, omi kíkan ikùn ń dín kù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Oògùn ọgbẹ́ inú bí omeprazole, tí àwọn kan ń rà fúnra wọn fún ọdún méjì, mẹ́ta, ń dín in kù sí i. Àwọn kan wà tí ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń bá alábàárù yìí jà.

Lẹ́yìn náà ni metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó kún ilé oògùn ní Èkó. Oògùn tó dára ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dí ẹnu ọ̀nà B12 ní ìparí ìfun. Lọ́dún 2022, àjọ MHRA tó ń rí sí oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àìtó B12 wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo metformin, pàápàá tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ga tàbí tó bá ti pẹ́. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ń jó, gbogbo ilé ní "ṣúgà ni," dókítà tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn náà ní ṣúgà ni, kò sì sí ẹni tó yẹ B12 wò. Nígbà míì, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣeé tún ṣe pátápátá bí a bá tètè mọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láti bàjẹ́ lójú ẹni tó ń ná owó lórí ìtọ́jú. Bàbá tàbí ìyá yín tó ti ń lo metformin fún ọdún mẹ́rin, tàbí tó ń lo 1,500 mg sókè lóòjọ́, ẹ bá wọn béèrè àyẹ̀wò B12 nígbà tí wọ́n bá tún lọ síbi àyẹ̀wò wọn.

Àmì tó yẹ kí ilé ṣọ́: bàtà sílípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn láìmọ̀, wọ́n ń rìn dáadáa lójú mọmọ, àmọ́ bí iná bá lọ, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ ṣubú nígbà tí wọ́n pajú dé láti bọ́jú. Iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà ló ti ń dákẹ́. Ojú ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ìbàjẹ́ náà ti lè dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn pàápàá. Ahọ́n tó pupa tó ń dán, ìgbàgbé àti àárẹ̀ lè bá a rìn.

Àwọn ìdẹkùn méjì kan wà. Àkọ́kọ́ ni B9, tí a mọ̀ sí folic acid, tó wà nínú ọ̀pọ̀ omi oògùn tí à ń mu kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ẹni tí B12 rẹ̀ tán ṣe, kí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ pupa padà, kí iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, nígbà tí iṣan rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀ tó dára kò sọ pé B12 pé. Ìkejì ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n tètè gún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ fítámì kankan, torí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, èsì á ga, kò sì sí ẹni tí yóò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí èsì bá wà lábẹ́ 200 pg/mL, ó ti lọ sílẹ̀. Láàárín 200 sí 300, ibi iyèméjì ni, dókítà lè ní kí wọ́n yẹ èròjà tó ń jẹ́ MMA wò, èyí tó ń ga nígbà tí B12 kò bá tó iṣẹ́. Bí àmì iṣan bá ti hàn gbangba, kí wọ́n má ṣe torí pé èsì ń pẹ́ dá ìtọ́jú dúró.

Ìtọ́jú rẹ̀ ní òǹkà. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ ni abẹ́rẹ́ hydroxocobalamin, ọ̀kan lára irú B12, 1,000 mcg sínú ẹran ara, lọ́jọ́ kan sí èkejì, títí ara kò fi ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì méjì. Níbòmíràn, cyanocobalamin, irú B12 mìíràn, ni wọ́n ń lò. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí èèyàn gbà ní kẹ́míìsì tó sì lọ sílé kì í ṣe ìtọ́jú. Omi rẹ̀ pupa. Bí B12 ṣe rí nìyẹn, wọn kò fi aró sí i. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, nítorí náà inú páálí rẹ̀ ni kó máa gbé. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ lè lo hóró 1,000 mcg lóòjọ́: kódà bí alábàárù ò bá sí, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ń jò wọlé fúnra rẹ̀, ìyẹn bíi 10 mcg, ó sì ju ohun tí ara nílò lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan ò ṣeé fò kọjá. Gáàsì ẹ̀rín, nitrous oxide, tí wọ́n ń fà láti inú bàlúùnù níbi fàájì, tí NDLEA sì ti ń gbá mú, máa ń sọ B12 tó wà lára di aláìwúlò. Ọmọ ogún ọdún tó ń jẹ ẹran dáadáa lè fi í dẹni tí kò lè rìn láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ irú wọn bá ń kú, ẹ má bá wọn jà kí ẹ tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún dókítà, torí B12 tó ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lè pé níye, kó má sì lè ṣiṣẹ́.

B6: àìtó ń pa iṣan, àpọ̀jù náà ń pa á

1.3 mg ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́, kì í ju 1.7 mg lọ bó ti wù kó dàgbà tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja, adìẹ, ẹ̀pà, gbogbo wọn ló ní in, nítorí náà kì í sábà tán lára ẹni tó ń jẹun. Àyàfi ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife. Isoniazid, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, ń lé B6 jáde lára, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. 10 mg sí 25 mg lóòjọ́ ló ń dènà rẹ̀. Oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Bí wọn kò bá fi B6 kún tiyín, ẹ béèrè. Ẹ má ṣe dá oògùn ikọ́ dúró nítorí ẹsẹ̀.

Ọdún 1983 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn tó ń lo 2,000 mg sí 6,000 mg B6 lóòjọ́, tí wọn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rí i lára àwọn tó lo ìwọ̀n tó kéré gan-an sí ìyẹn fún oṣù tàbí ọdún. Amẹ́ríkà fi ààlà sí 100 mg, Yúróòpù sí 12 mg. Ní Ọsirélíà, ọjà tó bá fún ni ní ju 10 mg lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ nípa iṣan sára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hóró 200 mg, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, jẹ́ 600 mg. Ẹ fi B-complex tí ẹnìkan fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì kún un, ẹ fi ohun mímu amáralókun tí awakọ̀ ń mu ní Ọ̀ṣọ́dì kún un, torí B6 sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Pyridoxine ni orúkọ tí yóò jẹ́ lára páálí. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò síta, ẹ ro iye pyridoxine inú wọn pọ̀. Bí ó bá ti ju 100 mg lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí dókítà kò sì ní kí ẹ máa lo ó, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí ẹsẹ̀ ṣe ń jó yín. Bí èèyàn bá dá a dúró, ó lè burú sí i díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kó tó máa rọ̀ láàárín oṣù. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á rò pé àìlò ó ló mú un le, wọ́n á sì padà sí i.

Ìtọ̀ tó pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn B-complex kì í ṣe àrùn tó ń jáde, kì í sì í ṣe àmì pé iṣan ń yá. Àwọ̀ B2 ni, ara ń da èyí tí kò nílò nù.

Gàrí àti iṣan

Ní Ọ̀sọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí láti àwọn ọdún 1960 lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó, tí ojú àti etí wọn ń kú, tí ìrìn wọn sì dàrú. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọn kò jẹ́ kó kan tó ní oró sáyánáìdì nínú, ara sì nílò èròjà inú ẹran, ẹja àti ẹyin láti fi pa oró náà. Hydroxocobalamin, ọ̀kan lára irú B12, pàápàá máa ń di sáyánáìdì mú. Òun ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fa èéfín rẹ̀ nínú ilé tó ń jó. Kò sí ìdí láti sá fún gàrí. Èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta sókè kí wọ́n tó yan án ni kí ẹ rà, kí ẹ sì má fi gàrí àti omi nìkan ṣe oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ègé ẹja díẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà.

B9 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. 400 mcg lóòjọ́ fún obìnrin tó fẹ́ lóyún, kí oyún tó dúró títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, torí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń pa pọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí ọ̀pọ̀ tó mọ̀ pé àwọn lóyún. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ tí a fún omi rẹ̀ dànù ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí iṣan ṣe ń hù padà

Mílímítà kan lóòjọ́ ni okùn iṣan tó já ń hù, ìyẹn bíi 3 sẹ̀ǹtímítà lóṣù, bí ihò tó ń gbà bá ṣì wà. Láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè ju ọdún kan lọ. Gèlè tó já ń tètè wé padà ju bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù, àmọ́ ó máa ń fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí B12 bá jẹ́ òun ló tán, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí yá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó máa yá lọ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Èyí tó ti bàjẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ lè má padà tán. Ohun tí wọ́n ń kọ sórí ìwé ìpolówó inú mọ́tò, pé ọjọ́ méje ni iṣan á sọjí, kò bá bí ara ṣe ń hùwà mu.

Ẹni tí ṣúgà ba iṣan rẹ̀ jẹ́, tí B12 rẹ̀ sì pé, ṣíṣọ́ ṣúgà ni ìtọ́jú rẹ̀. Fún jíjó náà, dókítà ní àwọn oògùn bí amitriptyline, duloxetine àti pregabalin. Kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní alaalẹ́ pẹ̀lú dígí, torí ìṣó lè wọlé láìmọ̀. Télọ̀ tàbí onídìrí tí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e ń kú lóru, tó ń jí gbọn ọwọ́, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló fún pọ̀. Kó di nǹkan líle mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má bàa tẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, kó lọ rí dókítà.

Bí ẹ bá ń ra fítámì, ẹ rà á nílé oògùn tó ní apòògùn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ má sì gba hóró tí wọ́n kà láti inú ìgò tó ṣí sílẹ̀. Ìwé kan ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ dókítà, yálà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni tàbí méjèèjì, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, àgbo àti ọtí pẹ̀lú. Kí wọ́n yẹ ṣúgà, B12, HIV, kíndìnrín àti iye ẹ̀jẹ̀ wò.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ìwé kankan: ẹni tí àìlágbára ń gun òkè láti ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí kò lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú mọ́, ẹni tí ìdí rẹ̀ kú níbi tí ó fi ń jókòó, ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ rọ lójijì, àti ẹni tí èémí ń ṣòro fún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lóru ọjọ́ náà.